Ọ̀nà Ìnàkí Lẹ́yìn Ilé Isingoma

Nígbàkigbà tí Kabajungu bá gbé ẹ̀rọ atọ́nà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń tọ etí odò Kacwamba lọ, kò sí ibi tí kì í wọ̀. Ẹrẹ̀ ń mù ún dé orúnkún, ó ń rá pálá lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ó ń gbójú sókè wá ìtẹ́ tí àwọn ìnàkí fi ewé tẹ́ sórí igi. Àmọ́ bó bá ti dé ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó jẹ́ ààlà oko Isingoma, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ńṣe ló ń pa ẹ̀rọ náà. Á gun òkè lọ sójú títì, á gba títì kọjá oko náà, kó tó tún sọ̀ kalẹ̀ sétí odò. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Igbó ńlá kan wà ní àríwá ibẹ̀, òmíràn wà ní gúúsù. Igi etí odò ló so méjèèjì pọ̀ látijọ́, òun làwọn ìnàkí ń tọ̀ lọ bọ̀, tí wọ́n ń wá èso, tí àwọn abo wọn tó ti bàlágà ń lọ sí agbo mìíràn láti lọ bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣúgà dé, tí onílé àti àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrèké, igi náà tín-ín-rín títí tó fi dà bí okùn tó ti fẹ́ já. Iṣẹ́ Kabajungu ni láti rin okùn náà látòkèdélẹ̀, kó yà á sórí máàpù: ibi tí ìnàkí ṣì ń gbà kọjá, ibi tó ti já, àti ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n lè bẹ onílẹ̀ pé kó fi igi sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí wọ́n gbin òmíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ sì ti ṣèlérí kànga ẹlẹ́rọ fún abúlé tó bá gbà, kí àwọn obìnrin má baà máa sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi lódò láàárín ìnàkí.

Lọ́jọ́ kan, Tibasiima, ọ̀gá wọn, pè é sí yàrá rẹ̀. Máàpù náà wà lórí tábìlì.

“Adyeri, jókòó.” Adyeri ni orúkọ ìkẹ́ Kabajungu, nítorí kò sí ọmọ Bunyoro tí kò ní ọ̀kan tí wọ́n fi ń kí i, bí a ṣe ń fi oríkì pe ọmọ. Tibasiima fi ìka lé ibi tí ilà náà ti já. “Ṣé o rí ibí yìí?”

“Mo rí i, Amooti.”

“Kí ni kí n wá sọ fáwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí? Ṣé kí n ní bí ìnàkí bá dé ibẹ̀, kó hu ìyẹ́ kó fò ó kọjá?”

“Oko ẹ̀gbọ́n mi ni, sà.”

“Ta ni ò mọ̀? Ìdí tí mo fi ń wò ẹ́ níran látọjọ́ yìí nìyẹn. Àmọ́ àwọn oníṣúgà ti bá a sọ̀rọ̀. Bí òjò bá ti dá, katakata á wọ ibẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ kiri ní ilé ọtí.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Tí ibẹ̀ bá lọ, Adyeri, gbogbo ohun tá a ti ṣe lókè odò, òfo ni. Lọ bá a.”

Kabajungu jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì.

Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni pé nígbà tí àwọn ará òkè odò ti gé igi tiwọn, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ìnàkí wọ oko. Nyamahunge, ìyàwó Isingoma, ń ro ẹ̀wà lẹ́yìn ilé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Businge, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn dáadáa, jókòó sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Akọ ìnàkí kan ti inú igi odò jáde, ó gbé ọmọ náà, ó sì sá. Àwọn ọkùnrin lé e tọ̀tún tòsì kó tó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣì wà nínú ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbé e sórí alùpùpù, àmọ́ kò dé ọsibítù. Ilé ni wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Kabajungu ń wá kí wọn, ó ń bá wọn jẹun, ṣùgbọ́n kò gbé ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ̀ wọ àgbàlá náà rí.

Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀gá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó gbé e wọ ibẹ̀.

Isingoma jókòó síwájú ilé, ó ń pọ́n àdá lórí òkúta. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sára ẹ̀rọ tí Kabajungu fi kọ́ ọrùn.

“Háà! Ẹ wá wo àbúrò mi o. Alárenà ìnàkí!”

“Ẹ káàárọ̀ o, Apuuli.”

“Káàárọ̀. Ìyàwó ni wọ́n rán ẹ wá tọrọ, àbí ilẹ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Rárá, sọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó ni, kí wọ́n gbé màlúù wá. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, sọ fún wọn pé ìrèké ti fẹ́ ẹ.”

Nyamahunge yọjú láti inú ilé ìdáná, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Òun àti Kabajungu jọ lọ sílé ìwé ni. Kabajungu ló mú un wá sílé yìí nígbà ìsinmi, tí Isingoma fi rí i. “Ẹ jẹ́ kó jókòó ná,” ló wí fún ọkọ rẹ̀. Ó gbé tíì onímílíìkì wá fún un, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jókòó.

Kabajungu mu tíì náà díẹ̀. “Òótọ́ ni pé katakata ń bọ̀?”

“Ó ń bọ̀. Kò ní ku igi kan títí dé omi. Màá máa wo omi láti ibi tí mo jókòó sí yìí.”

“Bí ẹ bá gé e, àwọn ìnàkí ò ní lọ, Apuuli. Àwọn tó wà lókè odò á há sínú igi péréte tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Wọn ò ní ríbi gbà padà, ebi á pa wọ́n. Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n á...”

“Parí ẹ̀.” Isingoma gbé àdá sílẹ̀. “Ọmọ ẹlòmíì. Parí ẹ̀ jàre. Nígbà táwọn tòkè ń gé tiwọn, ta ló ro tọmọ tèmi? Ṣé ìwọ rò ó? O ní ẹ̀rọ lọ́rùn nígbà yẹn náà.”

Òótọ́ ló sọ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ yìí nígbà náà. Ó ti fi àmì pupa sí ibi tí wọ́n gé lókè odò, ó sì kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ìnàkí lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko láwọn abúlé ìsàlẹ̀. Abúlé ìsàlẹ̀ ni ó kọ. Kò kúrò níbẹ̀ kó wá sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má gbé ọmọ sílẹ̀ létí igi.

Nyamahunge ló dá ẹnu bọ̀ ọ́. Ó gbé ọkọ́ tó fi ti ògiri. “Adyeri, dìde. Màá mú ẹ lọ.”

“Lọ síbo?” Isingoma bi í.

“Ẹ̀yìnkùlé mi.”

“Abwooli, mo ní níbo?” Isingoma fi orúkọ ìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ pè é.

Nyamahunge ti ń lọ.

Àwọn méjèèjì gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kabajungu tan ẹ̀rọ náà, ó ń ké tín-tín bó ṣe ń mú ibi tí wọ́n dé. Kó tó di pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, Nyamahunge dúró. Sàréè náà rèé, kéékèèké, wọ́n to òkúta yí i ká, wọ́n ti gbá ewé orí rẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kabajungu wo ojú ẹ̀rọ. Gbogbo ilẹ̀ tó bá sún mọ́ odò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi sínú ọ̀nà ìnàkí. Ààlà rẹ̀ kọjá sàréè yẹn, ó wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

“Ó wà nínú ẹ̀, àbí?” Nyamahunge bi í.

“Kí ni?”

“Má ṣe mí bí ọmọdé, Adyeri. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi fún wọn. Ó wà nínú ẹ̀.”

“Ó wà nínú ẹ̀,” ni Kabajungu wí.

Nyamahunge mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ igi odò. Ibẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, omi ń dún lórí òkúta. Kabajungu ń ka igi tí ìnàkí ń jẹ èso rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀. Lójijì ni Nyamahunge di apá rẹ̀ mú.

Ní òdìkejì odò, abo ìnàkí kan ń bọ̀ wálẹ̀ láti orí igi. Ó rọra ń sọ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń di igi mú. Ó ti fi èkejì di nǹkan kan mọ́ èjìká. Kabajungu kọ́kọ́ rò pé awọ ẹran ni. Nígbà tí ẹranko náà dé ilẹ̀ tó sì yí ẹ̀yìn sí wọn, ó rí apá kékeré kan tó rọ̀ sílẹ̀, tó gbẹ, tó ń mì. Ọmọ ìnàkí ni. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Eṣinṣin bò ó. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbé e sórí itan, ó fọwọ́ lé eṣinṣin kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun tó kù lórí ọmọ náà, bí a ṣe ń tú irun ọmọ fún dídì.

Kabajungu ti rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ̀ pé wọ́n lè gbé òkú ọmọ wọn kiri títí tí á fi já dànù. Kò rò ó wò pé òun á rí i níbí, pẹ̀lú Nyamahunge lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó ń retí pé kó bú sẹ́kún, tàbí kó ju ọkọ́ lù ú. Nyamahunge kò ṣe ọ̀kankan. Ó ń wò títí ẹranko náà fi dìde, tó gbé ọmọ rẹ̀ padà sí èjìká, tó wọ inú ewé lọ.

“Wọ́n jẹ́ kó gbé tiẹ̀,” ló wí.

“Abwooli...”

“Èmi, wọn ò jẹ́ kí n gbé e. Wọ́n ní kí n má wò ó. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá, ẹ̀gbọ́n ẹ wé e, ó sin ín. Mi ò mọ bí ojú ẹ̀ ṣe rí. Tí mo bá lá a lálàá, kò ní ojú.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Má ṣàánú ẹranko yẹn lójú mi o. Mi ò ṣàánú ẹ̀. Ìlara ẹ̀ ni mo ń jẹ.”

Nígbà tí wọ́n padà, ó lọ dúró síwájú ọkọ rẹ̀. Kabajungu fẹ́ yà kúrò, àmọ́ Nyamahunge ní kó dúró.

“Apuuli, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n gbé ọmọ mi?”

Ọwọ́ Isingoma dúró lórí àdá. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n jọ gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. “Mi ò fẹ́ kí o rí i.”

“Mo bí i.”

“Bó ṣe rí yẹn kọ́ lo ṣe bí i. Èmi rí i. Èmi nìkan tó. Ṣé ó yẹ kí àwa méjèèjì máa rí i ni?”

Ó dìde, ó mú àdá, ó gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ṣá igi kan, tó ń ṣá a, tó ń ṣá a. Lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nyamahunge wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù òun àti ti ọmọbìnrin wọn, Kengonzi.

“Mi ò kọ̀ ọ́ o,” ló wí fún Kabajungu bó ṣe ń ká aṣọ. “Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kọ ọkọ mi. Ibí yìí ni mi ò lè sùn mọ́. Bàbá yín ní ilẹ̀ lẹ́bàá títì. Màá kọ́ yàrá kan síbẹ̀. Tó bá wù ú, kó wá bá mi.”

Isingoma kò wá bá a. Ó ní òun kò ní fi ọmọ òun sílẹ̀ fún ẹranko.

Nígbà tí òjò dá, katakata dé. Isingoma fúnra rẹ̀ ló ṣíwájú rẹ̀ láti ojú títì. Àwọn ọmọ abúlé ń sáré tẹ̀ lé e. Kabajungu náà dúró láàárín èrò, torí ó ti gbọ́, kò sì lè jókòó sílé. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wo ilẹ̀ yí ká, ó ní òun á ti ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀, òun á sì túlẹ̀ lọ tààrà sódò.

“Kí ni òkúta wọ̀nyẹn?” ló bi í.

“Sàréè ni,” Isingoma wí. “Wàá yà fún un.”

“Bàbá, ẹ̀rọ yìí kì í yà fún irú nǹkan kékeré yẹn. Bí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà mi ti bàjẹ́ títí dé omi. Ẹ kó òkúta náà kúrò. Ilẹ̀ á bò ó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Isingoma dúró. Awakọ̀ náà rò pé ó ti gbà, ó gùn ún padà, ó tan ẹ̀rọ. Ìgbà náà ni Isingoma lọ dúró síwájú katakata náà, láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ó ní kó lọ.

“Ẹ̀yin lẹ pè mí!”

“Mo ní kí o máa lọ!”

Wọ́n bú ara wọn títí. Nígbà tó yá, katakata fi ẹ̀yìn rìn jáde. Àwọn kan nínú èrò rẹ́rìn-ín. Kabajungu sún mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ dì mọ́ ọn.

“Ẹ ṣeun, Apuuli.”

Isingoma wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí. “Ṣé nítorí tìẹ ni mo ṣe ṣe é? Má tan ara ẹ. Mi ò ní fọwọ́ síwèé yín. Ẹ má gbin ohunkóhun síbẹ̀. Ẹ má wá kọ́ àmì yín sára igi mi. Ìrèké ò ní wọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní wọ ibẹ̀.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Kabajungu fi padà sí ọ́fíìsì. Ó ya ilà náà, ó kun gbogbo ibi tí onílẹ̀ ti gbà ní àwọ̀ ewé, ó kun oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọ̀ eérú: igi wà, àdéhùn kò sí.

Tibasiima wò ó, ó bínú. “Igi wà níbẹ̀ àbí kò sí?”

“Ó wà, Amooti.”

“Ìnàkí ń kọjá níbẹ̀ àbí wọn ò kọjá?”

“Wọ́n ń kọjá. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kùn ún láwọ̀ ewé, ẹni tó bá wò ó á rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Á rò pé omi ti dé abúlé náà, pé àwọn obìnrin ò sọ̀ kalẹ̀ sódò mọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ń ṣọ̀fọ̀ ló wà níbẹ̀, sà. Kò sí nǹkan míì.”

“Ìwọ àti ẹ̀dùn ọkàn ẹ,” ni ọ̀gá náà wí, ó sì ní kó lọ sinmi fún ọjọ́ díẹ̀.

Ìgbà tó tún máa rí máàpù náà, ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló wà, gàdàgbà, nínú gíláàsì. Àwọ̀ ewé ni látòkèdélẹ̀. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì láti kùn. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Kabajungu dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Ó rò ó pé kóun pariwo, kóun fi iṣẹ́ sílẹ̀, àmọ́ ó rò ó pé ta ni yóò dúró fún abúlé náà bí òun bá lọ. Ó wá wọ yàrá ọ̀gá tó ń mójú tó omi, ó mú un lọ́wọ́ wá síwájú ògiri.

“Ẹ wò ó, sà. Máàpù yín sọ pé abúlé yìí ti gbà, wọ́n sì ti ṣe tiwọn. Kànga ẹlẹ́rọ tẹ́ ẹ ṣèlérí fún ẹni tó bá gbà dà? Àbí máàpù yín ń purọ́ ni?”

Ọkùnrin náà fọwọ́ họ orí. Àwọn àlejò ń gbọ́. Kabajungu padà lọ bá a lọ́sẹ̀ yẹn, ó padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tibasiima pè é, ó bú u, ó ní ó fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Kò jáwọ́. Kí ọdún tó yí, wọ́n gbẹ́ kànga náà sẹ́bàá títì, kò jìnnà sí yàrá onípáànù tí Nyamahunge kọ́. Àwọn obìnrin ò sọ̀ kalẹ̀ sódò mọ́. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde, Nyamahunge pọn tiẹ̀, ó gbé e sórí, ó sì fi ọwọ́ kan Kabajungu léjìká bó ṣe ń kọjá.

Irọ́ inú máàpù náà ló di omi. Ìyẹn ń da Kabajungu láàmú. Kò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ tàbí kóun bẹ̀rù, nítorí nǹkan kan ò yí padà ní oko Isingoma.

Ó máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé karo, òkèlè tí wọ́n ń fi ọkà rò, àti firinda, ẹ̀wà tí wọ́n bó sè, dání, ó bá a lẹ́yìn ilé níbi tó jókòó tì sàréè ọmọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kọ̀ lé orúnkún. Isingoma ti rù, ó ti gbẹ. Ariwo ìnàkí ń bọ̀ láti òdìkejì odò, ewé ń mì.

“Wọ́n ti ń kọjá?” Kabajungu bi í.

“Láti àárọ̀. Agbo ńlá ni. Àwọn tòkè odò ni.” Ó fi ìka tọ́ka. “Èyí tó pa á wà nínú wọn.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?”

“Etí ọ̀tún ẹ̀ ti ya. Èmi ni mo sọ òkúta bà á lọ́jọ́ yẹn, kó tó jù ú sílẹ̀.”

“Kí lẹ wá ṣe nígbà tẹ́ ẹ rí i?”

“Mo wò ó. Òun náà wò mí. Ó kọjá lọ.”

“Lọ́la ńkọ́, Apuuli?”

Isingoma gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu karo, ó fi kó ẹ̀wà, àmọ́ kò tíì fi sẹ́nu. “Mi ò lè sọ tọ̀la fún ẹ,” ló wí. “Lónìí, mo jẹ́ kó kọjá. Má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Kabajungu jókòó tì í. Wọ́n jọ ń gbọ́ bí ariwo náà ṣe ń lọ sí gúúsù, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ku ìró omi nìkan.